Òdo Tó Wà Níwájú Orúkọ Wa

“Ìdí-Ìyeyè,” ni Apíndọ́gba wí láti ara ògiri. “Iye ọmọdé: òdo.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pọ̀, ẹ̀rín àwọn èèyàn tó ti rí tiwọn gbà ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, mo sì mọ ẹnu tó ti wá. Ọdún kẹta nìyí, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ yẹn dé, tí yóò pe òdo lé wa lórí ní Gbọ̀ngán Ìpín, níwájú àwọn olùṣètò ọgbà àdúgbò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nílùú Òkè-Mẹ́sàn-án. Èmi Ìbídùnní, ọmọ bíbí Ìdí-Ìyeyè, tí mo ti ń ṣètò ọgbà ìgbafẹ́ ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo gbé àgbọ̀n sókè, mo ń wo ògiri bí ẹni pé oríkì mi ni wọ́n ń kì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi kó tó di pé ẹlòmíràn bá mi sọ ọ́. Kò sí àdúgbò tó lọ́mọ bí tiwa nílùú yìí. Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá ní aago méje àárọ̀, kí agogo oòrùn tó lù, ariwo wọn lẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé. Wọ́n á máa gun igi ìyeyè, wọ́n á fi okùn so jangirọ́fà mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á jà, wọ́n á sì parí ìjà kí àgbà tó dìde láti là wọ́n. Òkè-Àgbọn tó ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án garawa omi lóṣù fún ọgbà tiwọn, ọmọ ibẹ̀ kò tó ìdajì tiwa. Ojú mi là, mo rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ojú rí ni Apíndọ́gba ń kọ. Ohun tí àdúgbò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, tí olùṣètò sì fi àtàǹpàkò tẹ̀, ni ó ń kọ. Láti ìgbà Ọ̀dá Ńlá ni òfin ti kọ̀ fún ẹ̀rọ kankan láti fi ojú wo ọmọdé kó sì kà wọ́n, àwa ará Ìdí-Ìyeyè gan-an la sì jà fún òfin náà. A jà, a ṣẹ́gun, òfin náà wá di okùn tí a fi so ara wa mọ́lẹ̀.

Mo ti fi oṣù mẹ́rin kọ ètò ìṣúná tí mo gbé wá. Mo bèèrè aṣọ ibòji ńlá méjì, irú èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá ti ń gbóná. Mo bèèrè ẹ̀rọ omi mẹ́rin, ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, ilẹ̀ ìṣeré tí kò ní máa jó ọmọ lẹ́sẹ̀, àti jangirọ́fà mẹ́fà tí wọ́n fi irin ṣe, kí àwọn ọmọ yéé dá ẹ̀ka igi. Apíndọ́gba ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá a padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Jangirọ́fà mẹ́fà fún ọmọdé òdo,” ni ó wí. “A kò lè fọwọ́ sí i, mà. Ẹ má bínú.”

Ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ náà kọ́ ọ ní ìwà ọmọlúàbí, ìyẹn ló tún ń bí mi nínú jù. Bí ó bá bú mi, n bá bú u padà. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé èyí tó kù. Ọgbà tó bá pé ọdún mẹ́ta láìlọ́mọdé kò jẹ́ ọgbà mọ́ lábẹ́ òfin. Ilẹ̀ rẹ̀ yóò di ibùdó tí ọkọ̀ òfurufú yóò máa balẹ̀ sí, wọn yóò sì gé igi tó bá dínà fún wọn. Mo ní ọjọ́ méje láti tún iye náà ṣe. Arábìnrin Fọlárìn, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, bi mí bóyá mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Mo dìde, mo tún gèlè mi ṣe, mo ní ọ̀rọ̀ mi yóò dé láàárín ọjọ́ méje.

Lásùnkànmí, olùṣètò Òkè-Àgbọn, tẹ̀lé mi jáde. A jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀fẹ̀ wa kò lópin, ẹnu rẹ̀ sì ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ ti jáde. Ó bẹ̀ mí ná, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìbídùn, kọ ẹgbẹ̀ta sílẹ̀, tẹ̀ ẹ́, kó o máa lọ sílé. Ta ló fẹ́ lọ kà wọ́n?”

“Ṣé bí ìwọ ṣe ń kọ tìrẹ nìyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín. N kò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ pé ó tẹ irọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ kò ní ṣílẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ìlú kankan mọ́ títí ó fi máa kú, àdúgbò rẹ̀ yóò sì pàdánù ọgbà lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí ẹgbẹ̀ta fi máa ń wọ inú ìwé wẹ́rẹ́, kò sì ní ẹni tí yóò bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀nà abẹ́ ibòji tí mo rìn dé ilé ni mo ń gbọ́ ọ lórí: ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀ta.

Bí mo ṣe ń wọ ọgbà ni agogo oòrùn lù. Aago mẹ́wàá ti lù nìyẹn, kò sì sí ẹni tí òfin gbà láàyè láti dúró sí gbangba títí di aago mẹ́rin. Màmá Adéọtí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, ọ̀pá rẹ̀ ga jù ú lọ, ohùn rẹ̀ sì ga ju ọ̀pá lọ. Òun ni Ìyá Àdúgbò wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n bí ó ti ń pè wọ́n láràárọ̀ láti ọdún márùnlélógójì.

“Àjọkẹ́ o!”

“Mo dé o, Màmá.”

“Àlàó o! Àlàó tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn igi, mo rí ẹsẹ̀ rẹ.”

“Mo dé o, Màmá.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ sílé, ẹni tí a bá pè ló ń kọjá. Kò ní ìwé lọ́wọ́. Gbogbo wọn wà lórí rẹ̀, oríkì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyá tó ni ín. Àwọn ìdílé tí òkun lé kúrò létí omi, tí wọ́n gbé àpótí wọn dé àdúgbò wa láìmọ ẹnì kan, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni Màmá ti máa ń fún ọmọ wọn ní oríkì, kó lè rí ohun tó máa fi pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, gbogbo àdúgbò á dìde wá a. A kì í kà wọ́n. À ń pè wọ́n ni. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo kò tíì sọnù sínú oòrùn ní Ìdí-Ìyeyè, kò sì sí àdúgbò mìíràn lórí òkè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó lè la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, a sì jọ lọ jókòó lábẹ́ ìyeyè. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, òdo, ibùdó ọkọ̀ òfurufú, ọjọ́ méje. N kò fi ọ̀rọ̀ Lásùnkànmí pamọ́.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ iye kan.”

“Iye wo?”

 Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀.

“Bí o bá kọ irọ́, o mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Bí o bá sì kọ òótọ́, o ti ka ọmọ fún ọlọ́mọ nìyẹn. Èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ kí n gbà fún ọ?”

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí lè rò pé àṣà àtijọ́ lásán ni. Àṣà ni lóòótọ́, a bá a láyé. Ṣùgbọ́n Ọ̀dá Ńlá ló jẹ́ kó di ìbúra lẹ́nu wa. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Òjò kọ̀ fún oṣù mọ́kànlá, wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé omi ránṣẹ́ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó gbé e wá ní àwọn ti ka ọmọ Ìdí-Ìyeyè láti òkè pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ, ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n, omi ọ̀ọ́dúnrún ni àwọn sì gbé dání. Wọ́n tò wá sí ìlà. Èmi àti Àṣàkẹ́ ni a jọ dúró, ọ̀rẹ́ mi ni, oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ. Nígbà tí ó kàn wá, ó fà sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ síwájú.” Ó máa ń fi oṣù mẹ́ta yẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo bọ́ síwájú. Èmi ni ọ̀ọ́dúnrún. Wọ́n ti ẹnu ọkọ̀ omi pa, wọ́n wakọ̀ lọ. Àwọn ọmọ ṣì wà lẹ́yìn mi lórí ìlà. Èyí tí ìyá mi bù fún Àṣàkẹ́ nínú tèmi kò tó, ọjọ́ karùn-ún ló kú. Màmá Adéọtí ló bí i.

Ẹni tó jókòó tì mí nìyẹn, òun ni mo ń tọrọ iye lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ n kò dákẹ́. Mo wo igi tó wà lókè orí wa, mo rò ó pé wọn yóò fi ayùn gé e nítorí pé a kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Ìgbéraga kì í bomi rin igi, Màmá,” ni mo wí, ohùn mi sì le ju bí ó ti yẹ lọ.

 Ojú ara mi tì mí, mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀, mo ní kó foríjì mí. Ó ní kí n dìde, òun kò bínú.

“Èmi náà fẹ́ jangirọ́fà irin yẹn,” ni ó wí. “Ẹ̀ka igi yìí ti ń ké. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, Ìbídùnní. Àwọn tó ka ọmọ nígbà yẹn rí iye, wọn kò rí ẹni tó dúró tẹ̀lé iye. Wá ọ̀nà mìíràn. Orí rẹ pé. Àwa la tọ́ ọ.”

Ó fi ìyìn há mi lọ́nà bẹ́ẹ̀, n kò lè sùn lọ́sàn-án bí gbogbo ayé ti ń sùn. Mo kó ìwé ìpín jáde, odindi rẹ̀, gbogbo ojú ewé tí àwa olùṣètò máa ń ṣí kọjá láti dé ibi tí wọ́n kọ iye ọmọdé sí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kà á. Lójú ewé kọkàndínlógójì ni mo ti bá ìlà kan pàdé tí n kò rí ẹni kọ ohunkóhun sí rí: igi tó ní olùtọ́jú.

Òfin rẹ̀ kò gùn. Igi kékeré tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, tó bá lórúkọ tirẹ̀, tó sì ní olùtọ́jú tó ń wá dáhùn nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ náà, ó ní ẹ̀tọ́ sí garawa omi kan lóòjọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ tó dúró sí. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá pé ọgọ́rùn-ún, ìlú gbọ́dọ̀ fún wọn ní aṣọ ibòji kan, ẹ̀rọ omi kan, àti ohun ìtura tí àwọn olùtọ́jú bá fẹ́. Òfin kò sọ ọjọ́ orí olùtọ́jú. Òfin kò sì sọ pé jangirọ́fà kì í ṣe ohun ìtura.

Mo mọ ìdí tí ẹnì kankan kì í fi í lo ìlà náà. Lásùnkànmí ti sọ fún mi rí pé wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Òkè-Àgbọn. Agbaṣẹ́ṣe ló bá wọn gbin ogún igi, wọ́n kọ orúkọ èèyàn sí wọn lára, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìpè dé, èèyàn mẹ́rin ló jáde. Ta ló fẹ́ dúró sí gbangba láràárọ̀ kó máa dáhùn ìpè? Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, orí mi wú. Mo dá nìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Odindi àdúgbò kan wà nílùú yìí tó jẹ́ pé ìpè lọmọ rẹ̀ fi ń jí, ìpè ni wọ́n fi ń wọlé.

Mo sáré lọ bá Màmá. Ó gbọ́ mi dópin.

“Kí ni wọ́n máa kà?”

“Igi ni, Màmá.”

“Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kan, igi kan ni, ẹni tó ka igi ti ka ọmọ náà.”

N kò ronú dé ibẹ̀.  Àfi bí ó ti rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ẹni tó lágbára mú igi méjì tàbí mẹ́ta, kí àwọn kéékèèké tó kó ara wọn jọ sì mú ẹyọ kan. Kí àgbà tó bá fẹ́ mú tirẹ̀. Báyìí, iye igi á jẹ́ ti igi nìkan, kò sì ní sí ọlọ́gbọ́n tó máa ti ara rẹ̀ mọ iye ọmọ wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, òun ni wọ́n ń wí yẹn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ bá mi wo àdúgbò mi láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Wọn kò gba ìwé àṣẹ, wọn kò pe agbaṣẹ́ṣe. Abẹ́ ìyeyè kún fún àwọn igi kékeré tó hù fúnra wọn lẹ́yìn òjò, àwọn ọmọ wú wọn pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀. Èyí tí a ti ń bá wọn wí pé kí wọ́n yéé sọ kóró àgbálùmọ̀ sẹ́yìn ilé wá di ọ̀rọ̀ ọpẹ́, nítorí ẹ̀yìnkùlé kò sí tí kò hu nǹkan. Wọ́n kó wọn sínú agolo, sínú ìkòkò tó fọ́, sínú bàtà òjò bàbá ẹnì kan. Wọ́n sọ wọ́n lórúkọ. Mo gbọ́ tí wọ́n pe igi mángòrò kan ní Olóyè, mo gbọ́ tí òmíràn ń jẹ́ Má-Jẹ-Mí-Láàbọ̀. Àwọn ìyá wọn ń ṣàwáwí pé ilé ti di oko, wọ́n sì ń bu omi ìfọṣọ pa mọ́ fún igi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, Apíndọ́gba wá sí ọgbà wa. Inú àpótí kan ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá, ó ní etí méjì bí ọ̀nà àbáwọlé èèrà, wọ́n sì fi aṣọ dúdú bo ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Alága Fọlárìn tẹ̀lé e, pẹ̀lú Lásùnkànmí àti àwọn olùṣètò yòókù, nítorí mo ti pe gbogbo wọn. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá àpótí, ó yí igi ìyeyè ká lẹ́ẹ̀mejì, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì rọ́ lọ sí àdúgbò. Alága wo ìlà náà fún ìgbà pípẹ́.

“Olùṣètò,” ni ó wí fún mi, “ẹ ṣì lè kọ iye ọmọdé sílẹ̀. Èmi fúnra mi ti rí wọn báyìí.”

“Ẹ ṣeun, mà. Igi la mú wá.”

Màmá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ń pe orúkọ igi, olùtọ́jú á gbé e wá síwájú, á ní, “Ó wà níbí,” Apíndọ́gba á sì ní, “Mo gbọ́, ẹ ṣeun.” Ó pe Olóyè, ọmọ mẹ́ta ló gbé e. Ó pe Má-Jẹ-Mí-Láàbọ̀, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àyàfi ẹni tó ni ín. Ọmọbìnrin kan tí òkun lé ìdílé rẹ̀ wá ní oṣù tó kọjá gbé mẹ́ta dání, ọ̀kan lórí, méjì lọ́wọ́, ó sì dáhùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn tó yàtọ̀. Mo rí Alága tó ń fi etí gèlè nu ojú, ó ní òógùn ni.

Nígbà tí agogo oòrùn lù, ìlà kò tíì dé ìdajì. Alága ní ká dá a dúró títí di aago mẹ́rin, òfin ni. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà náà kàn fà mọ́ra, wọ́n wọ abẹ́ ìyeyè, àwọn àgbà ká ẹsẹ̀ kò, àwọn ọmọ gun ara wọn lórí, igi náà sì gba gbogbo wa. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibòji rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Alága wò yíká bóyá ẹnì kan wà nínú oòrùn, kò rí, ó bá bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó ní kí Màmá máa pè lọ. Lásùnkànmí gbé ọmọ kan sí èjìká kan, ó gbé agolo ọmọ náà sí èjìká kejì. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tó wẹ̀, kò sì bá mi ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn sí i pé a jọ lọ ilé ẹ̀kọ́.

Màmá pè wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sì fò ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó ku èmi nìkan. Mo ti gbin àgbálùmọ̀ kan sínú ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀, mo gbé e dání, mo ń retí kó pè mí. Kò pè mí. Ó tẹ̀ba, ó sì fa agolo kan jáde lábẹ́ àga rẹ̀. Ìyeyè kékeré kan ni, ewé mẹ́rin péré ló ní. Ó fi ọ̀pá dìde, ó rọra rìn, ó sì wá dúró sẹ́yìn mi lórí ìlà, nítorí pé èmi ló kẹ́yìn.

N kò bi í léèrè ta ló ni ín. Mo rí bí ó ti gbé e mọ́ àyà. Mo rántí òórùn ọkọ̀ omi yẹn, mo rántí ẹ̀rín tó wà lẹ́yìn mi. Mo fà sẹ́yìn.

“Màmá, ẹ bọ́ síwájú.”

Ó wò mí lójú. Ó mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ síwájú. Kò wá sí ẹni tí yóò pè é mọ́, nítorí apè fúnra rẹ̀ ló gbé igi dání. Mo la ẹnu. Láti ọdún márùnlélógójì, n kò pe orúkọ yẹn sókè rí.

“Àṣàkẹ́ o!”

“Ó wà níbí,” ni Màmá Adéọtí dáhùn.

“Mo gbọ́, mà,” ni Apíndọ́gba wí. “Ta ni olùtọ́jú rẹ̀?”

“Èmi ìyá rẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

Lẹ́yìn náà ni mo gbé tèmi síwájú, Màmá sì pè mí, mo dáhùn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé èmi ni mo kẹ́yìn.

Apíndọ́gba wá kéde. Igi tó ní olùtọ́jú: ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́tàdínlógún. Aṣọ ibòji: mẹ́jọ. Ẹ̀rọ omi: mẹ́jọ. Ó ní ilẹ̀ ọgbà náà kò ṣeé gbà fún ọkọ̀ òfurufú. Ó bèèrè irú ohun ìtura tí àwọn olùtọ́jú ń fẹ́, n kò sì ní láti túmọ̀ ohun tí wọ́n dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn pa pọ̀ kígbe rẹ̀. Àwọn olùṣètò tó fi wá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ méje sẹ́yìn ń pàtẹ́wọ́. Mo kí wọn pẹ̀lú orí bí ọbabìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í jì mí, ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ẹ̀gàn.

“Ó ku ìlà kan, mà,” ni Apíndọ́gba wí. “Iye ọmọdé: òdo. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

Àwọn kan ti sùn lórí ẹsẹ̀ Alága, àwọn kan ń fi ewé gbá ara wọn lójú. Mo wo Màmá, ó jókòó, agolo wà lórí itan rẹ̀.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni mo wí.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi sí i, kò sì sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo tẹ̀, òdo ni iye ọmọ tí a kà. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, tí oòrùn rọlẹ̀, Màmá gbé Àṣàkẹ́ fún mi dání, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì wọn pè wọ́n lọ sílé.